Ọmọ mi ò sùn fún òru mẹ́rin lẹ́yìn tí èsì JAMB jáde. Ṣé ayọ̀ lè ṣe èèyàn báyìí?

Ìyá_Ọlọ́jà (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ níbí, n kì í dá sí i, ṣùgbọ́n èyí ti kọjá ohun tí mo lè dá gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ṣe JAMB, máàkì tó gbà ju èyí tó ń retí lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí a rí i, kò sẹ́ni tó tètè sùn nínú ilé, a jó, a yọ̀. Lóru ọjọ́ kejì, NEPA mú iná wá ní aago méjì, mo gbúròó áyọ́ọ̀nù ní pálọ̀. Ó ti lọ gbogbo aṣọ wa tán, ó ti ká ti ayálégbé ẹ̀gbẹ́ wa lórí okùn, ó ń lọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ara mi yá, ẹ lọ sùn."

Ọjọ́ kẹta, ó fi orúkọ mi yá owó lọ́wọ́ bàbá tó ń ta sìmẹ́ńtì, ó fi ra àádọ́ta ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan. Ó ní adìyẹ ló máa san owó yunifásítì òun. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu ẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, bí èèyàn bá ṣì ń dáhùn àkọ́kọ́, ó ti dé orí ìkẹfà. Ọjọ́ kẹrin, ó fẹ́ bá bàbá ẹ̀ jà. Ìgbà yẹn la gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà ní bipolar ni, àìsàn ọpọlọ tó ń gbé èèyàn gun òkè nígbà kan, tó tún ń já a wálẹ̀ nígbà mìíràn. Ó mẹ́nu ba aago ara, ó tún ní ọpọlọ ọmọ yìí tètè ń gba èrè sára. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, n kò lè bèèrè mọ́. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ó ń lo oògùn, ara ẹ̀ ti wálẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, ṣé ayọ̀ ló fà á? Ṣé ọmọ mi ò gbọdọ̀ yọ̀ mọ́ nìyẹn? Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé, oṣù méjì gbáko ló fi dùbúlẹ̀. Ibà la rò pé ó jẹ́, nígbà tó yá a ní ọ̀lẹ ni. Oògùn ibà ìgbà mẹ́ta la lò fún un. Ó ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù yìí ò jọ mí lójú. Ẹnì kan wà tó fi òru kan kun yàrá ìyá ẹ̀ lọ́dà pupa, ìyá náà ń sùn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti aago. Lábẹ́ ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti gba ara wọn kọjá, ìdì kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò tó hóró ìrẹsì, nǹkan bí 20,000 sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ẹ̀. Òun ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́, oorun ti tó, ebi ti yẹ kó pani. Aago náà kì í ṣe wákàtí 24 gérégé. Bí wọ́n bá ti èèyàn mọ́ ibi tí kò ti lè rí oòrùn, yóò máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó ń wọ ojú ló ń dá a padà sí àyè ẹ̀.

Bí ọmọ bá ń bàlágà, aago yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Èyí tó ń tòògbé ní aago mẹ́sàn-án nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 10, tó bá di 15, aago mọ́kànlá lè lù kí oorun tó kùn ún. Kì í ṣe oríkunkun, ara ẹ̀ ló yí padà. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ò yí tiwọn padà fún un, aago mẹ́fà ààbọ̀ ó ti gbọ́dọ̀ wà lójú títì. Wákàtí 8 sí 10 ni ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bèèrè. Ẹ lọ ka wákàtí tí àwọn tiyín ń rí.

Ó wá ku ti èrè. Nínú ọpọlọ gbogbo wa, ohun kan wà tó ń tì wá síwájú láti lọ wá èrè: máàkì, owó, ìyìn, gòólù, ọmọbìnrin tó rẹ́rìn-ín síni. Ó máa ń lágbára lásìkò ọ̀dọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí tiwọn tún le ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, èrè ń pa wọ́n bí ẹmu ṣe ń pa ẹni tí kò tíì jẹun. Ẹlòmíì á yọ̀ lónìí, á parí lọ́la. Tiwọn á máa gòkè sí i ni: wọ́n gba máàkì, wọ́n fẹ́ ra adìyẹ, wọ́n ra adìyẹ tán, wọ́n fẹ́ ra ilẹ̀. Bí èrè bá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn, gbì ni wọ́n ń já wálẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ sọ yẹn.

Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni wàhálà wà. Ayọ̀ á gba oorun lójú ọmọ. Àìsùn náà á mú kí ọpọlọ túbọ̀ máa sáré lé èrè. Eré yẹn á tún gba èyí tó kù nínú oorun. Ní ti ẹni tó ní bipolar, òru kan péré láìsùn lè tó láti gbé e gun òkè. Nítorí náà, Ìyá wa, ayọ̀ kọ́ ló dá àìsàn yìí sílẹ̀, ó ti wà lára tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹ fọgbọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìhà méjèèjì bóyá ẹnì kan wà tó máa ń "ṣe bí ọba" lásìkò kan, tá á tún ti ara ẹ̀ mọ́lé lásìkò mìíràn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyá ni pé wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọmọ tó ń sunkún, wọn ò mọ bí a ṣe ń ṣọ́ èyí tí nǹkan ń dùn fún. Irú tiyín yìí, ọjọ́ tí inú ẹ̀ bá dùn jù ni kẹ́ ẹ ṣọ́ oorun ẹ̀ jù.

Bàbá_Philly

Ọ̀rọ̀ àgbà ni Nọ́ọ̀sì sọ. Temple University tó wà ní Philadelphia, nílùú tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà yìí, ni Lauren Alloy àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń wádìí ọ̀rọ̀ èrè yẹn. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ ọdún 14 sí 19 jọ tí bipolar kò tíì ṣe rí. Àwọn kan wà tí èrè ń fà gan-an, àwọn kan wà tí ó ń fà níwọ̀nba, wọ́n wá ń tọ ipa gbogbo wọn. Àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2012 ni pé àwọn tí èrè ń fà gan-an ni bipolar yọ lára wọn jù. Ṣáájú ìyẹn, ní 2000, Sheri Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti rí i pé lára àwọn tó ti ní in, kí ọwọ́ èèyàn tẹ ohun tó ti ń lé máa ń ṣáájú kí ó gun òkè. Ìyẹn ni JAMB ọmọ yín.

Ẹ má gbọ́ ọ lódì o. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí èrè ń fà ò ní ṣe àìsàn kankan títí ayé. Àwọn náà ló ń gba ẹ̀bùn nílé ìwé.

Ọmọbìnrin mi ń sá eré ìje, ó ti ní in láti ọdún 15. Ìjà wa nínú ilé, lórí fóònù ni. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé nítorí ìmọ́lẹ̀ fóònù ni dókítà ṣe ní ká máa gbà á lálẹ́, mo wá ra èyí tí iná ẹ̀ ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, mo ní ó ti tán. Kò tán. Ó borí nínú eré kan, ó gbé fídíò ẹ̀ sórí ayélujára ní aago mẹ́wàá alẹ́, títí di aago mẹ́ta ló ń wo iye ẹni tó ti bá a yọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń lé oorun ní tiẹ̀, èrè ń lé e ní tiẹ̀, inú ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ní báyìí, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, fóònù tiwa náà ń bá tiẹ̀ wọ dúrọ́ọ̀ ìdáná. Tí a bá yọ tiwa sílẹ̀, ó máa ń rí wa.

Ọ̀dọ́_300L

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹni tó ń gbé inú ẹ̀. Ọdún 17 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí, mo ti pé 21 báyìí.

Mọ́mì, kò dà bí àìsàn rárá, òun ló jẹ́ kó ṣòro. Òru kẹta tí mi ò sùn, ife róbà aláwọ̀ ewé tí mo fi ń mu gààrí ń dùn ún wò lójú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo ya fọ́tò ẹ̀ ní ìgbà 60. Mo ṣì ní àwọn fọ́tò yẹn. Ife lásán ni. Ṣùgbọ́n lóru yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ara mi ò yá, màá rò pé ìlara ló ń ṣe é.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí à ń pè ní TDB, ìyẹn ni ká kàwé mọ́jú. Mi ò ṣe é mọ́. Ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sọ fún wọn pé ojú ń dùn mí tí n bá pẹ́, ó tó wọn.

Dókítà mi fún mi ní nǹkan márùn-ún láti máa kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́: aago tí mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, aago tí mo kọ́kọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, aago tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí kíláàsì, aago tí mo jẹun alẹ́, aago tí mo lọ sùn. Ẹ̀yìn ìwé nóòtì mi ló wà. Ó ní ọ̀dọ̀ Ellen Frank, olùwádìí kan ní Pittsburgh nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ti wá. Èrò wọn ni pé ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣètò aago ara, oúnjẹ, èèyàn àti iṣẹ́ náà ń ṣètò ẹ̀. Èèyàn 175 ni wọ́n fi dán ètò náà wò, àbọ̀ ẹ̀ jáde ní 2005. Àwọn tí wọ́n ti fi kọ́ nígbà tí ara wọn ṣì ń dà wọ́n láàmú ló pẹ́ jù kí ó tó tún gbé wọn. Wọ́n ń lo oògùn lọ́wọ́ o, kì í ṣe ìwé nóòtì nìkan.

Àmì tèmi rèé: tí n bá sùn wákàtí mẹ́rin, tó sì rẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì, àìrísùn lásán ni. Tí n bá sùn wákàtí mẹ́rin tí ara mi wá yá gágá bí ẹni tó sùn wákàtí mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa pè kí n tó fọ ojú. Mo ti fún un láṣẹ kó gba káàdì báńkì mi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bú u ní ẹ̀ẹ̀kan.

Jagunjagun_Àdúrà

Ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òyìnbó tàn yín. Ọmọ tí ògo ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni ayé ń lé. Ọjọ́ méje ìsọ́ òru, pẹ̀lú ààwẹ̀ gbígbẹ, ẹ ó fẹnu yín jẹ́rìí.

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́

Arákùnrin, mo gbà pé ẹ fẹ́ràn ọmọ náà. Ẹ bá a gbàdúrà ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọlọ́run tó ń gbọ́ lóru kò di etí lọ́sàn-án. Òru méje láìsùn, mo ti rí ibi tó ń gbé irú ọmọ yìí dé, n kò fẹ́ kí Ìyá yìí rí i.

Kì í sì í ṣe ìjà ilé àti ti òyìnbó. Ní Aró, Abẹ́òkúta, láti 1954, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú abúlé àyíká ọsibítù pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ àti ẹbí ń lọ pọ̀.

Alhaja_Ìlọrin

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ n fi ti ààwẹ̀ kún un, nítorí ó ti fẹ́ gba ọmọ àbúrò mi lọ́wọ́ wa. Lithium, oògùn bipolar kan, ló ń lò. Ramadan dé, ó ní òun máa gbà á pé, ẹ̀sìn ń dùn mọ́ ọn nínú. Ó ń dìde fún sààrì ní aago mẹ́rin, kì í sùn padà, kì í mu omi títí di ìṣínu. Orí wá ń fọ́ ọ, ó ra oògùn ìrora ní kẹ́mísìtì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ṣíbí ń bọ́, ó ń bì, ó ń rìn bí ẹni tó mutí. Dókítà ní lithium ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀: tí omi bá dín lára, kíndìnrín á máa dá oògùn náà dúró, àti pé oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Kùránì fúnra ẹ̀, nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185, ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ìmáàmù wa ló bá wa sọ ọ́ fún un, ó gba tiẹ̀ ju tiwa lọ. Ó ń bọ́ àwọn aláìní báyìí, ó sì ń lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kó wá. Ẹni tó bá ń lo lithium, kí ó má kàn já a sílẹ̀ lójijì o, ìyẹn náà ń gbé e padà.

Àǹtí_Peckham

Ní oṣù kẹfà ní London níbí, ilẹ̀ ń mọ́ kí aago márùn-ún tó lù, oòrùn ò sì ní wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á fi kọjá. Láàárín ìgbà ìrúwé sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni wọ́n máa ń gba àwọn tí bipolar gbé gun òkè sí ọsibítù jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjì tẹ̀léra, oṣù karùn-ún. Kọ́tìnì dúdú kíjikíji la fi bo fèrèsé ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ọ̀sán àti òru ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà lọ́dọ̀ yín, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ àti iná funfun báù yẹn ní aago mọ́kànlá alẹ́, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Àwọn ará Norway gbé àbọ̀ kan jáde ní 2016: wọ́n fún àwọn tó wà lókè ní ọsibítù ní jígí aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀, fún ọjọ́ méje, lórí oògùn wọn. Ara wọn tètè wálẹ̀ ju ti àwọn tí wọ́n fún ní jígí lásán lọ. Èèyàn wọn ò pọ̀, nítorí náà n kò ní kẹ́ ẹ sáré lọ rà á. Ẹ kàn pa iná ńlá, ẹ tan kékeré.

Ìyá_Ọlọ́jà (Ìbàdàn)

Mo ń ka gbogbo ẹ̀, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bá mi wo èyí náà: láti ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti ń sùn di aago kan ọ̀sán. Kì í jẹun dáadáa. Lánàá ó ní, "Mọ́mì, ó yẹ kí n má ti sí." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ra oògùn ìbànújẹ́ kan wá láti kẹ́mísìtì, ó ní ó gbé òun dìde nígbà tí ọkọ òun kú. Ṣé n fún un?

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́

Ẹ má fún un. Oògùn tó ń gbé ìbànújẹ́ kúrò, bí ẹni tó ní bipolar bá dá a lò, ó lè jù ú padà sókè. Dókítà tó mọ ìtàn áyọ́ọ̀nù yẹn nìkan ló lè sọ.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lánàá, ẹ má fi dúró de ọjọ́ ìpàdé. Lónìí yìí ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ro láti pa ara ẹ̀. Bíbéèrè kò ní fi í sí i lọ́kàn, á mọ̀ pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ ni. Ẹ kó oògùn gbogbo ilé àti oògùn kòkòrò sábẹ́ kọ́kọ́rọ́, títí kan ti ayálégbé tó gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá sùn.

Tí wọ́n bá ti rí i, tó bá ku ọ̀rọ̀ oorun, ẹ má fà á láti aago kan sí mẹ́fà lọ́jọ́ kan. Ẹ máa fi ààbọ̀ wákàtí dín in, kó jáde sí oòrùn àárọ̀ bó bá ti jí. Aago jíjí ni kẹ́ ẹ dì mú, aago sísùn á tẹ̀lé e wá.

Bàbá_Philly

Ìyá, tẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀hún, ẹ jẹ́ ká gbọ́. A ń dúró.

Ìyá_Ọlọ́jà (Ìbàdàn)

A ti dé ibẹ̀. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n yí oògùn ẹ̀ padà. Ẹ ṣeun. N kò lè kọ púpọ̀.

Ìyá_Ọlọ́jà (Ìbàdàn), lẹ́yìn oṣù méjì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Yunifásítì ti gbà á. Ọjọ́ tí orúkọ ẹ̀ jáde, àyà mi já kí n tó yọ̀, mo ní ó tún ti dé. Mo ránti ọ̀rọ̀ yín. Mo se ìrẹsì, mo pe àwọn ẹbí fún aago méjìlá ọ̀sán. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ gbé sípíkà wá lálẹ́, mo ní kó gbé e padà sílé ẹ̀, ó bínú. Aago mẹ́rin, olúkúlùkù ti lọ. Aago mẹ́sàn-án mo gba fóònù, ọmọ pòṣé, ó fún mi. N kò sùn, mo ń gbọ́ èémí ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Aago mọ́kànlá kù ogún ìṣẹ́jú, ó ti ń hanrun.

Ó ń kọ nǹkan márùn-ún yẹn sẹ́yìn ìwé bí Ọ̀dọ́_300L ṣe sọ. Mo yọjú wò ó láàárọ̀. Níbi tí wọ́n ní kó kọ aago tó kọ́kọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó kọ "adìyẹ" síbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ní adìyẹ kì í ṣe èèyàn. Ó ní wọ́n ń dá òun lóhùn jù mí lọ.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kù nínú àádọ́ta. Wọ́n ti tó tà, gbèsè bàbá onísìmẹ́ńtì ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tó fẹ́ rà, kó bá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́ ibí.

Àǹtí_Peckham

Mélòó ni ẹ̀ ń ta ọ̀kan? Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Mọ́kọ́lá.